Omi Ni Ọ̀tá, Kì í Ṣe Iná

Bí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ti ṣe ọdún Ìdúpẹ́ wọn tán lópin oṣù Kọkànlá, kò sí ọ́fíìsì, ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ènìyàn yóò wọ̀ ní agbègbè Philadelphia tí kò ní bá agolo ìpápánu lórí tábìlì. Níbi tí ọmọ Yorùbá bá wà, ṣinṣín kì í ṣàì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ kọ́kọ́ máa ń lọ bá ni pretzel, ìpápánu oníyọ̀ tí a yan gbẹ, tí a wá rì bọ ṣokoléètì: èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tí ìdajì rẹ̀ dúdú, tí a fi ṣúgà pupa àti aláwọ̀ ewé wọ́n lára, èyí tí a ta ní kókó, èyí tí a rún mọ́ ẹ̀pà lílọ̀, tí a sì gé ní onígun mẹ́rin. Oúnjẹ àríyá ni mò ń sè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Tí ìgbà òtútù bá ti wọlé, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni mò ń ṣe tà títí di ọdún tuntun.

Ẹni tó bá bi mí bí a ṣe ń ṣe é, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gbé kalẹ̀: "Kò sáà ní yíyan nínú." Òótọ́ ni, kò ní. Ọmọ kékeré lè ṣe é lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ló ń bo àṣírí wa nílé ìdáná, a kò sì mọ̀. Ọbẹ̀ tó bá ṣàn jù, a ó fi í sílẹ̀ kó hó sí i. Ẹran tó bá yi, a ó bu omi lé e. Iyọ̀ tó bá pọ̀ nínú ẹ̀bẹ, a ó gé iṣu mìíràn kún un. Ní ti ìpápánu tí a kò dáná sí, bí nǹkan ṣe rí lọ́jọ́ tí a rà á ni yóò ṣe rí lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ojú tí a fi rajà àti ojú tí a fi ṣọ́ ọ ni gbogbo iṣẹ́ náà. Omi tí alásè kankan kì í gbé jìnnà sí ara rẹ̀, òun gan-an ni a ní láti lé jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú pretzel. Ìpínlẹ̀ Pennsylvania yìí ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Jámánì tó ṣí wá síbí ló gbé e dání. Ní Lititz, ìlú kékeré kan, ni Julius Sturgis ti dá ilé iṣẹ́ pretzel sílẹ̀ ní 1861, ilé náà ṣì wà lórí ìdúró tí àwọn àlejò ń lọ wò ó. Ìlú Reading kò jìnnà síbẹ̀. Ní 1935, ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ gbé ẹ̀rọ tó ń ta pretzel fúnra rẹ̀ jáde, iṣẹ́ tí ọwọ́ ènìyàn ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Kí wọ́n tó ti pretzel sínú ófúnù, wọ́n máa ń mú un gba inú omi kọ́sítíìkì kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni, kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò, àmọ́ wọ́n ti fi omi là á dáadáa, ooru ófúnù á sì pa oró rẹ̀. Òun ló fún un ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń dán yẹn, òun náà ló fún un ní adùn tí a kì í bá lára búrẹ́dì. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yan án títí omi inú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Gbígbẹ yẹn ni owó wa ń rà. Pretzel tí a ti já ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀ láti ìjẹta ti mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Bí a bá wá rì í bọ ṣokoléètì, a ti sé rírọ̀ mọ́ inú rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní gbẹ mọ́ láéláé. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo máa ń ṣẹ́ ẹyọ kan létí ara mi. Bí kò bá dún, àwọn ará ilé ni yóò jẹ ẹ́, kò ní dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ní ti ìrísí, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn èyí tí a ta ní kókó nítorí ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kì í pẹ́ ṣẹ́ nínú ṣokoléètì, èérún rẹ̀ á sì ba ìyókù jẹ́. Onígun mẹ́rin pẹlẹbẹ tó ní ihò wẹ́wẹ́ ni mo yàn láàyò. Ṣokoléètì ń wọ inú ihò rẹ̀, ó ń dì í mú níhà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ọ̀ràn ṣokoléètì. Nǹkan méjì ló wà lórí àtẹ tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ṣokoléètì gidi, tí ọ̀rá inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá kòkó. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá kòkó kúrò nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá tí kò wọ́n tó o dípò, òróró èkùrọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ kò ṣi í gbọ́: àdín ni. Àdín tí àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ lára, tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ gbé dé ojúbọ Èṣù, ni wọ́n fọ̀ títí tí kò fi ní òórùn mọ́, tí wọ́n sì sọ di líle, tó wá di aṣọ tí pretzel ń wọ̀ nígbà Kérésìmesì. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí wọ́n pe irú èyí ní ṣokoléètì. Ṣokoléètì oníwàrà gbọ́dọ̀ ní kòkó lílọ̀ tí kò dín ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó dúdú tí a ń pè ní aládùn díẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní 35. Funfun sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀rá kòkó tí kò dín ní 20. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá orúkọ mìíràn fún un, wọ́n á kọ ọ́ pé ó ní adùn ṣokoléètì, tàbí kí wọ́n yẹra fún ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Nítorí náà, iwájú ọ̀rá tí wọ́n dì í sí kọ́ ni ká máa wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni, níbi tí wọ́n fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ to ohun tó wà nínú rẹ̀ sí.

Owó tún dá sí i. Ní oṣù Kejìlá 2024, kòkó kọjá 12,000 dọ́là lórí tọ́ọ̀nù kan ní ọjà New York, kò tíì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú ọjọ́ tí kò dára àti àrùn igi kòkó ti dín ìkórè kù ní Ivory Coast àti Ghana, níbi tí èyí tó ju ìdajì kòkó àgbáyé lọ ti ń wá. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àdín á tún wọ inú ọ̀pọ̀ nǹkan tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Mi ò sọ pé kí ẹ má lo èyí tó ní àdín o. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ló fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, òun ni kí ẹ rà. Kì í yọni lẹ́nu. Ẹ yọ́ ọ, ẹ rì í, kò pẹ́ tí yóò fi gan. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà ni yóò jẹ ẹ́, pàápàá tí a bá fẹ́ kí wọ́n sanwó, ṣokoléètì gidi ni. Iyọ̀ ara pretzel ló máa ń tú àṣírí. Ọ̀rá kòkó ń yọ́ kíá bí ó bá ti kan ahọ́n, iyọ̀ á wá jáde lójijì láàárín adùn. Ibẹ̀ ni gbogbo ìgbádùn rẹ̀ wà. Èkejì kì í tètè yọ́, ó máa ń lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, nígbà tí iyọ̀ yóò fi dé, a ti gbé e mì.

Ṣokoléètì gidi ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fi dù ú. Ọ̀nà mẹ́fà ni ọ̀rá kòkó lè gbà dì, ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ni a fẹ́: èyí tó ń dán, tó ń dún bí a bá ṣẹ́ ẹ, tí kì í yọ́ títí yóò fi dé nǹkan bí 34°C, tó sì jẹ́ pé ara ènìyàn tó jẹ́ 37°C yóò yọ́ ọ lẹ́nu. Bí a bá kàn yọ́ ṣokoléètì tí a sì fi í sílẹ̀ láti dì bó ṣe wù ú, yóò rọ̀, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ni funfun á hàn lára rẹ̀. Àwọn oníbàárà mi kan á ní ó ti bu. Kò bu. Ọ̀rá rẹ̀ ló rìn wá sí òkè. Àmọ́ ta ni yóò dúró gbọ́ àlàyé yẹn lójú agolo tó ti sanwó fún?

Ọ̀nà tí mo ń gbà kò le. Mo máa ń lo ṣokoléètì tó wà ní pẹlẹbẹ. Àwọn kékeré roboto tí wọ́n ṣe fún bísíkíìtì kì í sábà ní ọ̀rá kòkó púpọ̀, kí wọ́n má baà yọ́ tán nínú ófúnù, nítorí náà wọ́n máa ń ki jù fún rírì. Ẹ gé gíráàmù 340 wẹ́wẹ́, ẹ bu ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sápá kan. Ẹ kó ìyókù sínú abọ́ tó gbẹ, ẹ gbé e sínú microwave, ẹ dín agbára rẹ̀ kù sí ìdajì. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ ọ́, ẹ rò ó, ẹ dá a padà. Ẹ má wò ó lójú nìkan, nítorí ṣokoléètì lè di ìrísí rẹ̀ mú kó sì ti yọ́ nínú. Bí ó bá ti dé 45°C, ẹ máa ju èyí tí ẹ bù sápá kan sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró, títí yóò fi lọ sílẹ̀ sí 32°C. Bí ó bá jẹ́ oníwàrà, ẹ jẹ́ kó dé 30. Àwọn wẹ́wẹ́ tí ẹ jù sí i yẹn ti dì lọ́nà tó yẹ láti ilé iṣẹ́, àwọn ni yóò kọ́ ìyókù. Ẹ ti orí ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yẹ kó ti gbẹ, kó máa dán, kó má lẹ̀ mọ́ ìka. Nígbà náà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rì í, kí ẹ máa tò ó sórí bébà tí kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná oúnjẹ kò wọ́n. Àwọn tó bá ní ọwọ́ àwọn mọ̀ ọ́n lára, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tiwọn.

Omi wá ni àgbákò gan-an. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa péjọ sí gbọ̀ngàn lọ́dún kan láti ṣe é fún àwọn arúgbó. Kò sí microwave níbẹ̀, wọ́n bá gbé abọ́ ṣokoléètì ka orí ìkòkò omi tó ń hó. Kò sí aburú nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n omi náà ń hó kùtùkùtù, abọ́ sì kéré sí ẹnu ìkòkò. Ooru ń gba ẹ̀gbẹ́ abọ́ gòkè, ó ń kán padà sínú rẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ṣokoléètì tó ti ń ṣàn dáadáa ki lójijì, ó gan mọ́ ṣíbí, ó di wóró-wóró. Ẹni tó ń rò ó ké sí mi: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó, ó ti jó!" Ó tún na ọwọ́ sí ife omi láti fi là á. Mo dì í lọ́wọ́ mú. Kò jó rárá. Ó mu omi ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kò sí omi nínú ṣokoléètì. Ṣúgà àti kòkó lílọ̀ kúnná-kúnná ló wà nínú rẹ̀, tí ọ̀rá gbé dání. Ẹ̀kán omi bíi mélòó kan tó bá já sí i, ara ṣúgà ló ń lọ. Ṣúgà tó tutù á máa lẹ̀ mọ́ra, á sì di odindi. Èyí tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé omi díẹ̀ ló ń bà á jẹ́ báyìí. Bí omi bá pọ̀ tó, ṣúgà á yọ́ sínú rẹ̀, yóò sì tún ṣàn. Ṣùgbọ́n kò ní dì mọ́. Ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà ni pé a bu wàrà gbígbóná sí i, a rò ó di ọbẹ̀ ṣokoléètì, a fi jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ti pretzel di ọjọ́ kejì.

Èmi tí mo dàgbà nídìí kòkó ní apá Ìdànrè, ìwà rẹ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Àkókò tí àwọn ènìyàn ibí ń ṣe ìpápánu ọdún wọn yìí gan-an ni ìkórè ńlá ń lọ lọ́wọ́ nílé. A ó fọ́ kòkó, a ó kó o jọ, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kó lè bà, lẹ́yìn náà ni sísá. Ojú ọ̀run ni gbogbo ilé ń wò nígbà náà. Bí òjò bá ṣú, ẹni tó ń jẹun á fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹni tó ń wẹ̀ á fi ọṣẹ sára jáde, ká lè ká ẹní kòkó kó tó tutù. Kòkó tí omi bá bà á jẹ́ lórí ẹní máa ń bu nínú àpò, olùrà tó bá là á wò kò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹni. Bàbá mi kì í fi ọwọ́ tútù kan kòkó tó ti gbẹ. Ó ṣeé ṣe kí kòkó tó wà nínú abọ́ mi lónìí má ti Ìdànrè wá, ọ̀pọ̀ ọ̀rá tí wọ́n ń di ṣokoléètì sí kò sọ ibi tí kòkó rẹ̀ ti wá. Síbẹ̀, agbẹ̀ kan níbì kan ti sá eré nítorí rẹ̀. Kí ó wá jẹ́ ṣíbí tí a kò nù dáadáa ni yóò bà á jẹ́ nílé mi!

Onígun mẹ́rin tí a rún pretzel mọ́ ni mo gbà pé ó dùn jù, òun náà ló sì yá jù. Bí a ṣe ń ṣe àádùn la ṣe ń ṣe é. Àgbàdo àádùn ti fojú winá kó tó dé inú àwo, a ti yan án, a ti lọ̀ ọ́. Epo ló kù tí a fi ń pò ó. Pretzel náà ti fojú winá tirẹ̀ ní ilé iṣẹ́. Ẹ rún ún kó tó ife méjì, kí ẹ má jẹ́ kó di ìyẹ̀fun, kí eyín lè rí nǹkan bá jà. Ẹ yọ́ bọ́tà ìdajì ife, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ẹ̀pà lílọ̀ ife kan àti ṣúgà kíkúnná ife kan àti ààbọ̀, ẹ da pretzel sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù kó le gbagidi. Ṣokoléètì tí a yọ́ pẹ̀lú ṣíbí ẹ̀pà lílọ̀ méjì ni ẹ ó dà lé e lórí. Ẹ̀pà náà kò ní jẹ́ kó le jù, ọ̀bẹ á lè gé e láìfọ́ ọ. Nítorí pé ẹ̀pà ti wọ inú rẹ̀, kò sí ìdí láti máa ṣọ́ 32°C níbí.

Omi tún fara pamọ́ síbì kan: inú bọ́tà. Òfin Amẹ́ríkà ní ọ̀rá inú bọ́tà kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ìdí nìyẹn tí onígun mẹ́rin yìí fi ń rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, nígbà tí pretzel tí a rì lásán lè wà nínú agolo tó dé pa fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí yóò ṣì máa dún lẹ́nu. Ẹni tó fẹ́ kó pẹ́ lè yọ́ ọ̀rá kòkó tàbí òróró àgbọn dípò bọ́tà. Mo ti jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn bọ́tà kò sí níbẹ̀, mo sì rò pé kí ènìyàn tètè jẹ ẹ́ ló sàn.

Fíríìjì ńkọ́? Ẹ má yára. Nǹkan tútù tó bá jáde sínú yàrá gbígbóná máa ń làágùn. Omi ara rẹ̀ á yọ́ ṣúgà òkè, bó bá gbẹ, á fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá níbí, yàrá tí a kò tan ẹ̀rọ amúlégbóná sí ti tó. Bí fíríìjì bá di dandan, ẹ dé agolo pa kó tó wọlé, ẹ má sì ṣí i lẹ́yìn tó bá jáde àfi tí òtútù ara rẹ̀ bá ti lọ.

Mo ní láti fi ọ̀rọ̀ kan sí i fún àwọn tó ń fún ọmọ ọlọ́mọ ní ìpápánu. Ẹ̀pà lè pa ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà á, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àṣejù òyìnbó. Ṣíbí tó kan ẹ̀pà lílọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ abọ́ ṣokoléètì tí kò ní ẹ̀pà. Èyí tó ní míńtì fífọ́ lórí náà, agolo tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí òórùn míńtì kì í gbélé ara rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kejì gbogbo agolo yóò ti di míńtì.

Àbúrò mi obìnrin ní Ìbàdàn fẹ́ ṣe tirẹ̀ ní Kérésìmesì tó kọjá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ fún mi nípa pretzel o, owó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò dára." Mo ní kó lo kókóró. Ó gbẹ, ó ní iyọ̀ díẹ̀, kò sì ní òróró tó ìpékeré. Ara ìpékeré máa ń yọ̀, ṣokoléètì kì í dì í mú dáadáa bí a kò bá fi bébà nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọyẹ́ ti gbé ọ̀rinrin lọ nínú oṣù náà, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán kò jìnnà sí ibi tí ọ̀rá kòkó ti ń yọ́. Mo ní kó ṣe é ní ìdájí, kó sì lo oríṣi tó ní àdín, nítorí kò ní yọ ọ́ lẹ́nu bí iná ìjọba bá lọ. Ó ṣe é, àwọn ọmọ sì jẹ ẹ́ kó tó gbẹ. Lọ́jọ́ kejì ló tún pè mí: ṣé a lè rì dòdò Ìkirè bọ ṣokoléètì? Mo ní kó má dán an wò, omi inú rẹ̀ pọ̀ jù.